Ọmọbìnrin Tí Ilé Ọmọ Òrukàn Tọ́ Dàgbà: Ta Ni Ẹbí Rẹ̀?

  Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ tí kò ní ìyá, tí kò ní baba, tí àwọn ìjọ Kristẹni gbà tọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti gbé ìrẹsì, ọṣẹ àti aṣọ lọ sí ilé àwọn ọmọ òrukàn rí, pàápàá ní àsìkò Kérésìmesì. A rí àwọn ìkókó lórí ibùsùn wọn, àánú ṣe wá, a gbàdúrà fún wọn, a sì padà sílé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkókó kì í ṣe ìkókó títí. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2003 sọ pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 ni ọmọdé. Ohun tí mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò ni èyí: nígbà tí ọmọbìnrin tí ó dàgbà sínú ilé náà bá pé ọdún 18, tí wọ́n sì ní kí ó máa lọ kí àyè lè gba ọmọ mìíràn, níbo ni ó ń lọ?

Láyé àtijọ́, ìbéèrè yìí kò le. Bí ìyá ọmọ bá kú, ìyá àgbà wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá wà níbẹ̀, àwọn ìyàwó ilé baba náà wà níbẹ̀. Àwọn baba wa sọ pé ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Títí di òní, ọ̀dọ̀ ẹbí ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ òrukàn wa wà. Àwọn tí ó ń dé ilé ọmọ òrukàn ni àwọn tí a kò rí ẹbí wọn, tàbí tí òṣì kò jẹ́ kí ẹbí lè gbà wọ́n, tàbí tí a gbé jù sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọmọbìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, kí á máa pè é ní Àdùkẹ́. Ìyá Àdùkẹ́ kú ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó mọ ilé baba rẹ̀. Wọ́n gbé e dé ilé ọmọ òrukàn, wọ́n fún un ní wàrà, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n rán an lọ sí ilé-ìwé. Ó mọ Bíbélì, ó mọ orin, ó sì gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n láti kékeré, inú ìkòkò tí a fi ń se oúnjẹ fún ogójì ènìyàn ni wọ́n ti ń bu oúnjẹ fún un. Kò tíì wọn gàrì tí yóò tó ẹnì kan ṣoṣo jẹ rí. Agogo ni ó ń jí i, agogo ni ó ń pè é sí oúnjẹ, agogo náà ni ó ń ní kí ó lọ sùn. Kò tíì ná ọjà rí. Kò mọ bí owó tí ó yẹ kí ó tóni ná fún ọ̀sẹ̀ kan ṣe ń tán ní ọjọ́ mẹ́ta.

Ó wá jáde. Ó fẹ́ gba yàrá, onílé ní kí ó san owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sì mú onígbọ̀wọ́ wá. Ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán, ọ̀gá ní kí baba tàbí ìyá rẹ̀ wá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ó fẹ́ wọ ilé-ìwé gíga, wọ́n ní kí ó mú ìwé ẹ̀rí wá láti ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, èyí tí yóò sọ pé ọmọ ìlú báyìí ni. Ìlú wo? Agboolé wo? Ọkùnrin gidi kan wá, ó fẹ́ fẹ́ ẹ, àwọn ará ilé ọkọ sì béèrè pé, “Ọmọ ta ni? Ta ni a ó gbé ìdána lọ bá?” Ọkùnrin mìíràn wá tí kì í ṣe ènìyàn gidi. Òun kò béèrè ohunkóhun, nítorí ó ti mọ̀ pé kò sí baba, kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò baba tí yóò wá kan ìlẹ̀kùn òun lọ́la láti bi òun pé kí ni òun fi ọmọ wọn ṣe.

Ẹ wo bí ó ti rí. Gbogbo ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ Àdùkẹ́ ní ìta ni ẹbí máa ń pèsè fún àwa yòókù láìjẹ́ pé a mọ̀. Ẹni tí ó ní ẹbí kò ka onígbọ̀wọ́ sí nǹkan, ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀ ni yóò lọ. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé iṣẹ́ míṣọ̀n lórí ọmọ òrukàn pín sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni kí ọmọ má kú. Èkejì ni kí ó ní ẹni tí yóò máa ṣe ẹbí fún un lẹ́yìn tí ó bá ti jáde. Ti èkíní ni gbogbo ènìyàn ń rí.

Iṣẹ́ méjèèjì yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1853, Anna Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ọkọ rẹ̀ David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tí ẹgbẹ́ CMS rán níṣẹ́, wá fi Ìbàdàn ṣe ibùgbé. Wọ́n kọ́ ilé míṣọ̀n sí Kúdẹtì. Anna kò bí ọmọ, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ kún fún ọmọ. Àwọn kan jẹ́ ọmọ ìjòyè tí àwọn òbí wọn fi ránṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí ni Yéjídé, tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé-ìwé gíráMà àwọn ọmọbìnrin kan ní Ìbàdàn. Àwọn mìíràn jẹ́ ọmọ tí ogun kó lẹ́rú, tí míṣọ̀n rà padà. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1860, ọ̀nà Èkó dí, owó àti ẹrù kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Tọkọtaya náà ta ẹrù inú ilé wọn kí àwọn ọmọ lè rí oúnjẹ jẹ.

Nínú àwọn ọmọ tí wọ́n rà padà ni ọmọbìnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ògúnyọmí. Ìyá rẹ̀ kò kú. Inú Ìbàdàn kan náà ni ó wà, tí ó ń ṣe ẹrú, títí ìyá àti ọmọ fi rí ara wọn. Ẹ̀kọ́ kan wà nínú ìtàn yìí fún gbogbo ẹni tí ó bá ń tọ́ ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọmọ tí a rò pé kò ní ẹnì kan láyé lè ní ìyá ní àdúgbò kejì. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ilé ọmọ òrukàn gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ó wá ẹbí ọmọ, kí ó sì máa wá a lọ. Kí ó kọ ohun gbogbo tí ó bá mọ̀ sínú ìwé: ọjọ́ tí ọmọ dé, ibi tí a ti rí i, ẹni tí ó gbé e wá, aṣọ tí ó wà lára rẹ̀, orúkọ tí ó ń jẹ́. Ìwé kékeré bẹ́ẹ̀ lè di ilé baba fún ọmọ lẹ́yìn ogún ọdún.

Ní ọdún 1869, àwọn Hinderer kúrò ní Ìbàdàn nítorí àìlera, Anna sì kú ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Síbẹ̀ ìjọ náà kò tú ká. Daniel Olúbì, tí ó ti wà lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà èwe rẹ̀, ni ó gba ìtọ́jú rẹ̀. Bí àwọn tí wọ́n tọ́ kò tilẹ̀ rí Ìyá wọn mọ́, wọ́n ní ìjọ tí ó mọ̀ wọ́n ní orúkọ.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ohun tí ó kọ́kọ́ jẹ àwọn míṣọ̀n lógún ni ẹ̀mí àwọn ìkókó. Dókítà George Green ti ìjọ Onítẹ̀bọmi dé ibẹ̀ láti Amẹ́ríkà ní ọdún 1907. Ní àwọn ọdún 1920 ni nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Ruth Kersey, ọmọ ìpínlẹ̀ Virginia, bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ọmọ tí ìyá wọn kú tọ́. Ní ìgbà náà, bí ìyá bá kú ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tí a kò sì rí obìnrin tí yóò fún ọmọ ní ọmú, ọmọ náà kì í pẹ́ tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Ilé tí ó dá sílẹ̀ ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Irú iṣẹ́ yìí ni ó mú kí a máa pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ilé ọmọ aláìníyàá.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ronú jinlẹ̀ jùlọ lórí ọ̀ràn àwọn ọmọbìnrin tí ó ti dàgbà kò sí ní ilẹ̀ Yorùbá. Kàlàbá ni ó wà. Mary Slessor ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní Scotland ní ọdún 1848, tálákà ni wọ́n, ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́ láti kékeré kí ó tó dé Kàlàbá ní ọdún 1876. Ìyá àwọn ìbejì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí, nítorí ó gba àwọn ìbejì tí wọ́n ìbá pa tàbí tí wọ́n ìbá gbé jù sínú igbó. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé àwọn ọmọbìnrin tí ó gbà là dàgbà lójú rẹ̀, ó sì rí i pé wàhálà wọn kò tíì tán. Obìnrin tí kò ní ọkọ tàbí olórí ilé tí yóò gbèjà rẹ̀ kò ní ilẹ̀ tí yóò fi dáko níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bá a wí tẹnu rẹ̀ bí wọ́n bá fi ìyà jẹ ẹ́.

Kí ni Slessor ṣe? Nígbà tí ó dàgbà, tí ó wà ní Use, ó dá ibùdó kan sílẹ̀ fún àwọn obìnrin àti ọmọbìnrin, níbi tí wọn yóò ti ní ilẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́. Oko ni yóò bọ́ wọn, iṣẹ́ bí agbọ̀n híhun ni yóò sì mú owó wọlé fún wọn. Kò fẹ́ kí wọ́n máa wo ọwọ́ míṣọ̀n títí ayé wọn, kò sì fẹ́ kí wọ́n fẹ́ ọkọ kìkì nítorí àti jẹun. Ó kú sí Use ní oṣù January ọdún 1915. Òye tí ó ní nígbà náà kò tíì gbó: ọmọbìnrin tí kò ní ẹbí ń fẹ́ iṣẹ́ àti ibi tí yóò gbé kí ó tó lè dá dúró.

Bí a bá gba orí òkun kọjá, a ó rí i pé irú ìṣòro kan náà wà níbẹ̀. Ní ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, George Müller, ẹni tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Jámánì, ṣí ilé ọmọ òrukàn rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1836, àwọn ọmọbìnrin ni ó sì kọ́kọ́ gbà síbẹ̀. Kí ó tó kú ní ọdún 1898, àwọn ọmọ tí ó ti tọ́jú lé ní ẹgbàárùn-ún, èyí ni 10,000. Àwọn ọkùnrin ń lọ kọ́ iṣẹ́ ní nǹkan bí ọmọ ọdún 14, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ń dúró títí di nǹkan bí ọdún 17 kí wọ́n tó lọ ṣiṣẹ́ nínú ilé oníilé. Kò sí ẹni tí ó ń jáde lọ́wọ́ òfo: wọ́n ń fún olúkúlùkù ní aṣọ àti Bíbélì. Àpótí aṣọ ti dára, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí àwọn ìjọba tó gbà pé àpótí aṣọ nìkan kò tó. Ní ọdún 2000 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé ìgbìmọ̀ ìlú tí ó tọ́ ọmọ kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ kí ó tó pé ọdún 21, bí ó bá sì wà ní ilé-ìwé, kí ìrànlọ́wọ́ náà kọjá bẹ́ẹ̀. Ní oṣù December ọdún 2009, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà fi ọwọ́ sí ìlànà kan lórí ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò sí lọ́dọ̀ òbí. Ìlànà náà sọ pé kí a ti máa múra ọmọ sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ọjọ́ ìjáde rẹ̀ tó dé, kí a sì máa ràn án lọ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á padà wá sílé, nítorí apá kan ṣẹ́kù nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ó kan Ìgbàrà-Òkè gan-an. Ìgbàrà-Òkè ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́. Ibẹ̀ ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní ìgbà Dókítà Olúṣẹ́gun Mímìkò, ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní ọdún 2009, kí àwọn aboyún má bàa máa kú. Àwọn tí ó gbé ètò náà kalẹ̀ rí i pé ìdádúró mẹ́rin ni ó ń pa aboyún: kí ó pẹ́ kí ó tó pinnu láti lọ gba ìtọ́jú, kí ó pẹ́ kí ó tó dé ilé ìwòsàn, kí ó pẹ́ kí wọ́n tó dá a lóhùn níbẹ̀, kí ó sì pẹ́ kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n wá yan àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, wọ́n fi aboyún 25 sábẹ́ ìtọ́jú ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n sì fún àwọn aboyún ní fóònù kí wọ́n lè pè wọ́n nígbàkigbà. Ní ọdún 2010 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ní Àkúrẹ́.

Báwo ni èyí ṣe kan Àdùkẹ́? Ó kàn án lọ́nà méjì. Bí ìyá kò bá kú, ọmọ kò ní di aláìníyàá. Ìyẹn ni àkọ́kọ́. Èkejì ni pé Àdùkẹ́ fúnra rẹ̀ yóò lóyún lọ́jọ́ kan. Ẹ rántí ìdádúró àkọ́kọ́ yẹn, ti ìpinnu. Ní ilé wa, ta ni ó ń sọ fún aboyún pé, “Ẹsẹ̀ rẹ tí ó wú yìí kò dára, dìde kí á lọ sí ọsibítù”? Ìyá rẹ̀ ni, tàbí ìyá ọkọ rẹ̀, tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ta ni ó ń wẹ ọmọ tuntun? Ta ni ó ń se omi gbígbóná fún ìyá ọmọ? Ọmọbìnrin tí kò ní ẹnì kan ni yóò pẹ́ jù lọ kí ó tó pinnu, nítorí kò sí ẹni tí yóò bi léèrè. Bí òun náà bá sì kú, ọmọ rẹ̀ yóò padà sí ilé tí òun ti jáde wá. Ohun tí ó yẹ kí á dènà nìyí, kí ilé ọmọ òrukàn má di ogún láti ọwọ́ ìyá sí ọwọ́ ọmọ.

Kí ni ìjọ lè ṣe? Mo rí ohun márùn-ún.

Èkíní, kí ìmúrasílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ bá ti pé ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá. Kí wọ́n fún un lówó, kí ó lọ sí ọjà, kí ó ná an, kí ó se ọbẹ̀ tirẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ ná owó náà nínákúnàá lẹ́ẹ̀kan, ó sàn kí ó ṣe é nígbà tí oúnjẹ ṣì wà nílé.

Èkejì, kí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Bí orí ìwé rẹ̀ bá pé, kí ó lọ sí ilé-ìwé gíga. Bí ó bá jẹ́ aṣọ rírán, irun ṣíṣe tàbí oúnjẹ sísè ni ó wù ú, kí ìjọ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn rẹ̀. Kí ìjọ sì rántí pé ọjọ́ tí ó bá gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ ni ó ń fẹ́, kì í ṣe oríyìn nìkan.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn alàgbà ìjọ bá a lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ láti gba àwọn ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kí ó tó jáde. Ọmọdé kò lè dá èyí ṣe.

Ẹ̀kẹrin, kí ìdílé kan nínú ìjọ gbà á gẹ́gẹ́ bí ọmọ nígbà tí ó ṣì wà ní kékeré, kí ó máa lọ síbẹ̀ ní ìsinmi, kí ó mọ ilé náà, kí ilé náà mọ̀ ọ́n. Àwọn wọ̀nyí ni yóò jókòó gba ìdána rẹ̀. Àwọn ni yóò wá ní ọjọ́ ìkómọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀, kí wọ́n má sì fi ipá fẹ́ ọkọ fún un nítorí pé wọ́n ṣe é lóore.

Ẹ̀karùn-ún, kí ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ọmọ tiwa lè fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó padà wá sílé fún oṣù mẹ́ta, a ó sì tún bá a wá òmíràn. Kí ọmọ míṣọ̀n náà ní ibi tí ó lè padà sí bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ tàbí bí ọkọ bá ń lù ú, láìsí pé ẹnikẹ́ni yóò kàn án lábùkù.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ ní kíláàsì yín tí ó ń gbé ní irú ilé yìí, ẹ má ṣe máa bi í léèrè ohun tí ó pa ìyá rẹ̀. Ẹ pè é wá sílé yín ní ọjọ́ ọdún, kí ó jókòó nínú yín, kí ó bá yín gún iyán, kí ó sì bá yín fọ abọ́.

Ẹ̀yin àgbà, nígbà mìíràn tí ẹ bá gbé ìrẹsì àti ọṣẹ lọ, ẹ gbé e fún wọn tayọ̀tayọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi ìyá tí ó ń ṣe olórí ilé náà pé, “Ẹ jọ̀ọ́, Mà, àwọn ọmọbìnrin tí ó jáde níhìn-ín ní ọdún tí ó kọjá, níbo ni wọ́n wà báyìí, ta ni ó sì ń lọ bẹ̀ wọ́n wò?” Bí ó bá ní ìdáhùn, ẹ bi í pé èwo nínú wọn ni ẹ lè ràn lọ́wọ́. Bí kò bá ní ìdáhùn, ẹ jókòó tì í, kí ẹ jọ wá wọn.